Aago Tó Mọ Wákàtí Gbogbo Ayé: Báwo La Ṣe Ń Dá Ògidì Mọ̀ Yàtọ̀ sí Ayédèrú?

Tí wọ́n bá ní aago kan ń parọ́, ohun tó máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ wa ni pé ó ń sáré jù tàbí pé ó ń falẹ̀. Irọ́ kan wà tó burú ju ìyẹn lọ: aago tí wọ́n ní ọdún 1965 ni wọ́n ṣe é, tó sì jẹ́ pé lọ́dún tó kọjá ni wọ́n kun ojú rẹ̀. Irọ́ yìí ló ń jẹ owó àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn aago àtijọ́, pàápàá irú èyí tí wọ́n ń pè ní "world time", aago ọwọ́ tó ń fi wákàtí ìlú púpọ̀ hàn lẹ́ẹ̀kan náà.

Físíìsì ni mò ń kà, másítà ni mò ń ṣe lọ́wọ́, n kì í sì í ta aago. Ohun tó wù mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹni tó bá mọ sáyẹ́ǹsì díẹ̀ àti ìtàn díẹ̀ lè bi aago léèrè ọ̀rọ̀, aago náà á sì dáhùn. Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tí wákàtí ò fi dọ́gba káàkiri ayé?

Ayé ń yí po lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí 24. Òbírípo kan jẹ́ dìgírì 360. Ẹ pín 360 sí ọ̀nà 24, ẹ máa rí dìgírì 15. Ìyẹn ni pé tí ẹ bá lọ sí ìlà-oòrùn ní ìwọ̀n dìgírì 15, oòrùn ibẹ̀ ti fi wákàtí kan ṣáájú tiyín. Dìgírì kan péré jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Láyé àtijọ́, oòrùn tirẹ̀ ni ìlú kọ̀ọ̀kan ń wò. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé, ó di wàhálà, torí pé ìlú méjì tí ò jìnnà síra wọn ń lo aago ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní oṣù October ọdún 1884, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè 25 pàdé ní Washington, ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fọwọ́ sí i pé láti ìlà tó gba Greenwich kọjá, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni kí ayé ti máa bẹ̀rẹ̀ ìkà.

Èkó náà wà nínú ìtàn yìí. Ó wà ní nǹkan bíi dìgírì 3.4 sí ìlà-oòrùn Greenwich. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú 14. Ìyẹn ni oòrùn Èkó fi ṣáájú ti Greenwich. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìíní oṣù September ọdún 1919 ni wọ́n ti fi aago Èkó sí wákàtí kan gbáko ṣáájú Greenwich, òun náà la sì ń lò títí dòní. Nítorí náà, tí aago yín bá lu 12 ọ̀sán l'Ékòó, oòrùn ò tíì dé àtàrí. Ní ìpíndọ́gba, ó ṣì ku nǹkan bí ìṣẹ́jú 46. Ẹ ò rí i pé àdéhùn láàárín èèyàn ni wákàtí orí aago? Ìjọba lè yí àdéhùn yẹn padà nígbàkigbà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí pé ó wà lára ohun tó ń tú àṣírí ayédèrú.

Ọgbọ́n tí Louis Cottier dá

Ní ọdún 1931, Louis Cottier, aláago kan ní agbègbè Geneva, ní Switzerland, dá ọgbọ́n kan. Ó fi ọwọ́ wákàtí àti ọwọ́ ìṣẹ́jú sí àárín bó ṣe máa ń wà. Ó wá fi òrùka kan tó ní nọ́ńbà 1 dé 24 yí wọn ká. Ẹ́ńjìnnì aago ló ń yí òrùka yìí, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ṣùgbọ́n òdìkejì ibi tí ọwọ́ aago ń yí sí ló ń yí sí. Lẹ́yìn òrùka yìí ni òrùka kejì wà, èyí tí wọ́n kọ orúkọ ìlú sí.

Ẹ gbé ìlú yín sí òkè, níbi tí 12 máa ń wà. Ká ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni l'Ékòó: nọ́ńbà 9 á kọjú sí òkè. Ìlú tó tẹ̀ lé e lápá òsì, ìyẹn ibi tí wọ́n ń lo aago Greenwich, á kọjú sí 8. Ẹ ka àyè mẹ́jọ sápá ọ̀tún, ẹ máa bá Tokyo lójú 17, ìyẹn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Bí òrùka nọ́ńbà ṣe ń yí sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, wákàtí gbogbo ìlú ń lọ síwájú pọ̀.

Ilé iṣẹ́ Patek Philippe gba ọgbọ́n Cottier mú. Wọ́n fi ṣe oríṣi tí wọ́n pè ní 1415 ní ọdún 1939, wọ́n sì ṣe 2523 ní ọdún 1953. Ní ọdún 2002, wọ́n ta 1415 kan tí wọ́n fi platinum ṣe ní gbàǹjo ní owó Switzerland tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà ààbọ̀. Ní ọdún 2019, 2523 kan lọ ní Hong Kong ní owó ibẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 70. Ibi tí owó irú èyí bá wà, oníjìbìtì ò ní jìnnà síbẹ̀.

Owó tiwa ò tíì débẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n Seiko ṣe tiwọn náà, nọ́ńbà 6217-7000, fún ìdíje Òlíńpíìkì tó wáyé ní Tokyo ní ọdún 1964. Tiwọn rọrùn díẹ̀: ọwọ́ aago kan ló ń yí po lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí 24, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa yí òrùka ìlú. Irú èyí ni ọ̀dọ́ tó ń kó aago jọ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Òun náà sì ni wọ́n máa ń kun lákùn-ún-tún, tí wọ́n á ní bó ṣe jáde nílé iṣẹ́ ló wà.

Ìbéèrè kìíní: Ìlú wo lo mọ̀?

Ẹ ka orúkọ ìlú kọ̀ọ̀kan. Ọdún 1995 ni Bombay di Mumbai. Léopoldville ò di Kinshasa àfi ní ọdún 1966. Leningrad ni wọ́n ń pe St. Petersburg láti ọdún 1924 títí di 1991. Tí wọ́n bá ní aago kan jáde ní 1970, tí ẹ wá rí Mumbai lójú rẹ̀, ojú aago yẹn kì í ṣe ti 1970.

Àyè tí wọ́n fi ìlú sí náà ń sọ̀rọ̀. Aago Greenwich ni Paris ń lò tẹ́lẹ̀, bíi Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1940, àwọn ọmọ ogun Jámánì gba ìlú náà, wọ́n sì fi aago rẹ̀ sí ti Jámánì. Ogun parí, aago ò padà. Nítorí náà, tí ẹ bá rí Paris àti Lọ́ńdọ̀nù ní àyè kan náà lójú aago àtijọ́, ẹ má tètè pè é ní àṣìṣe. Ìtàn ló wà níbẹ̀ yẹn.

Ẹ kíyè sí i o: orúkọ tuntun lójú aago àtijọ́ jẹ́ ẹ̀rí irọ́, àmọ́ orúkọ àtijọ́ kì í ṣe ẹ̀rí òótọ́. Ẹni tó fẹ́ parọ́ náà lè kọ Bombay.

Ìbéèrè kejì: Ṣé o ṣì ń tàn lókùnkùn?

Ibí ni físíìsì ti dùn jù. Kí ọwọ́ aago lè máa tàn lóru, radium ni wọ́n ń pò mọ́ ọ̀dà láyé àtijọ́. Láàárín ọdún 1960 sí 1970, tritium gba ipò rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń tú ìtànṣán jáde, agbára wọn sì ń dín kù bí ọdún ṣe ń lọ. Tritium máa ń dín kù sí ìdajì ní nǹkan bí ọdún 12. Radium ní tirẹ̀ nílò nǹkan bí ọdún 1,600 kó tó dín kù sí ìdajì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Aago tí wọ́n fi tritium kùn ní 1965 ti lò tó ọgọ́ta ọdún. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì lọ́nà márùn-ún: ìdajì, ìdá mẹ́rin, ìdá mẹ́jọ, ìdá mẹ́rìndínlógún, ìdá méjìlélọ́gbọ̀n. Ohun tó kù ò ju nǹkan bíi mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ti radium yàtọ̀: radium ṣì wà níbẹ̀ digbí, ṣùgbọ́n ìtànṣán rẹ̀ ti ba èròjà tó ń tàn nínú ọ̀dà náà jẹ́. Lọ́nà méjèèjì, òkùnkùn ló yẹ kó kù.

Ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ra aago kan tí wọ́n ní ti 1965 ni, gbogbo nǹkan ò sì tíì yí padà lára rẹ̀. Owó ilé rẹ̀ ló fẹ́ fi rà á. Mo ní kó sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó tan tọ́ọ̀ṣì sí aago náà fún ìṣẹ́jú kan, kó pa iná yàrá, kó sì ya fídíò rẹ̀. Fídíò dé, aago ń tàn yòò, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó ṣì ń tàn. Ọ̀dà tuntun tí kò ní ìtànṣán nìyẹn, irú èyí tó jáde láti Japan ní nǹkan bí ọdún 1993. Lóòótọ́, aláago lè kun ọwọ́ aago tuntun láti tún un ṣe, ìyẹn nìkan kì í ṣe jìbìtì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kò sóhun tó yí padà ti parọ́. Owó ilé dúró sápò.

Tí ẹ bá rí "T SWISS T" nísàlẹ̀ ojú aago, tritium ni wọ́n ń wí. Ìtànṣán tritium ò lágbára láti gba inú gíláàsì jáde. Tí ẹ̀rọ Geiger bá wá ń pariwo lára irú aago bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè ibi tí radium ti wọlé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi radium ṣeré. Àwọn ọmọbìnrin tó ń kun ojú aago ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn máa ń fi ètè tọ́ búrọ́ọ̀ṣì kó lè mú ṣóńṣó. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn jẹrà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú. Ẹ má ṣí irú aago bẹ́ẹ̀ fúnra yín, ẹ má ha ọ̀dà rẹ̀, ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ.

Ìbéèrè kẹta: Kí ni wọ́n kọ sí ọ lẹ́yìn?

Lẹ́yìn Seiko àtijọ́, nọ́ńbà àkọ́kọ́ nínú nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ dúró fún ìparí ọdún, èkejì sì dúró fún oṣù. 1 dé 9 jẹ́ January dé September. Lẹ́tà O, N àti D ló wà fún oṣù mẹ́ta tó kù. Nítorí náà 49 lè jẹ́ September 1964 tàbí 1974. Nọ́ńbà oríṣi aago náà ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ èwo ni.

Tó bá jẹ́ wúrà Switzerland ni, ẹ wá òǹtẹ̀ ìjọba. Orí obìnrin, Helvetia, ni wọ́n ń lù sára wúrà kárátì 18 tẹ́lẹ̀. Láti 1995, orí ajá ni. Ajá lára aago 1953? Ẹ gbé owó yín sápò. Ti Patek sì ní ìwé: ilé iṣẹ́ náà lè wo àkọsílẹ̀ wọn, kí wọ́n sọ ọdún tí wọ́n ṣe aago náà, kí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ti ara rẹ̀ sì bá àkọsílẹ̀ mu.

Ìbéèrè kẹrin: Báwo lo ṣe ń dún?

Aago ọwọ́ àkọ́kọ́ tó ń lo quartz jáde ní Japan ní ọjọ́ 25 oṣù December ọdún 1969. Ọ̀pọ̀ aago quartz máa ń fò lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ aago àtijọ́ tí wọ́n ń ká ní tiwọn ń dún "tí-tí-tí-tí-tí", ìgbà márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ gbé fóònù tì í, ẹ gbohùn rẹ̀ sílẹ̀, ẹ kà á. "Aago 1964" tó ń fò lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan ti jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ̀rí kan ṣoṣo kì í tó. Kí orúkọ ìlú, ọ̀dà, nọ́ńbà àti ìró sọ ọdún kan náà. Ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo lẹ́tà ojú aago: ti ilé iṣẹ́ máa ń gún régé, ti akùn-ún-tún máa ń wú tàbí kó wọ́. Tí ojú aago bá ti gbó, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń dán bíi tuntun, ẹ béèrè ìdí.

Tí ẹ bá sì rí irú aago yìí nínú àpótí bàbá yín àgbà, ẹ má kun ún, ẹ má fi nǹkan kan dán an. Ojú tó ti gbó yẹn gan-an ni ẹ̀rí rẹ̀. Òun ni àwọn tó mọyì aago ń sanwó lé lórí. Ó dìgbà kan ná o.