Ti Inú ni àbí Ti Ìta? Bí A Ṣe Lè Yan Hard Disk fún Kọ̀ǹpútà Orí Tábìlì

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a wà ní ọdún àṣekágbá ni a ń gba ohùn àwọn abẹ́nà ìmọ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wa. Ẹnì kan ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ka-èdè ìlú rẹ̀, ẹnì kejì lórí oríkì, ẹnì kẹta lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́jà. Láìpẹ́, kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ààyè ti tán. Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé: ṣé hard disk tí wọ́n ń dè mọ́ inú kọ̀ǹpútà ni ká rà, àbí èyí tí a ń fi wáyà so mọ́ ọn láti ìta? Owó àti bó ṣe yá tó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi dáhùn. Àwọn méjèèjì ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú wọn: bí kọ̀ǹpútà yìí bá kú lónìí, níbo ni iṣẹ́ wa yóò kù sí?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ẹrù wa ṣe tóbi tó. Bí a bá gba ohùn sílẹ̀ ní WAV, ní 48 kHz àti 24-bit, wákàtí kan ní mono máa ń gba nǹkan bíi 518 MB. Bó bá jẹ́ stereo, ó di ìlọ́po méjì, ìyẹn ju 1 GB lọ díẹ̀. Ẹni tó bá gba wákàtí 40 sílẹ̀ ní stereo ti ní ohun tó lé ní 40 GB, a ò sì tíì ka fídíò mọ́ ọn. MP3 kéré gan-an sí WAV, ṣùgbọ́n ó máa ń yọ nǹkan kúrò lára ohùn kó tó lè kéré bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó fẹ́ fi Praat wo ohùn fi máa ń di WAV mú. Pẹ̀lú ìṣirò yìí, 500 GB tàbí 1 TB tó fún ọ̀pọ̀ jù lọ wa.

Èyí tó ń gbé inú

Hard disk ni gbogbo wa ń pè é, yálà nǹkan ń yí nínú rẹ̀ tàbí kò yí. Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni èyí tí àwo ń yí nínú rẹ̀, oní-íǹṣì 3.5, tó máa ń ka nǹkan bíi 100 sí 200 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èkejì ni SSD oní-SATA, tó lè ka nǹkan bíi 550 MB. Ẹ̀kẹta ni SSD NVMe, pẹlẹbẹ kékeré tí a ń kì bọ ihò M.2 lórí motherboard. Èyí tó ń lo PCIe 3.0 lè tó 3,500 MB. Ẹni tó bá kúrò lórí àwo tó ń yí bọ́ sórí SSD, èyíkéyìí tó wù kó jẹ́, yóò ti rí ìyàtọ̀ náà nígbà tó bá tan kọ̀ǹpútà.

Ṣùgbọ́n ẹ tú ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà wò kí ẹ tó lọ sọ́jà. Ọ̀pọ̀ desktop tòkunbọ̀ tó ti pẹ́ ni kò ní ihò M.2 rárá. Àwọn tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ sì lè má ní ju àyè hard disk kan lọ. Ẹ ka iye ihò SATA tó ṣófo, kí ẹ sì wò ó bóyá wáyà iná ṣì kù lára power supply.

Ohun tó dára nínú ti inú ni pé kì í jábọ́, wáyà rẹ̀ kì í ṣàdédé yọ, ó sì yá fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ibi tó kù sí ni pé ibi tí kọ̀ǹpútà bá lọ ló ń bá a lọ. Bí olè bá gbé kọ̀ǹpútà, ó ti gbé e. Bí òjò bá jò sórí rẹ̀, tàbí tí iná tí NEPA mú dé bá pọ̀ jù tó sì jó power supply, ó lè mú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ dání. Nítorí náà, ẹni tó ní hard disk méjì nínú kọ̀ǹpútà kan kò tíì ní ibi ìpamọ́ méjì.

Èyí tó ń gbé ìta

Èyí tó kéré, oní-íǹṣì 2.5, máa ń gba iná láti ara ihò USB. Èyí tó tóbi, oní-íǹṣì 3.5, ní ádápítọ̀ tirẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá wà lórí UPS, tí ádápítọ̀ yìí sì wà lára ògiri, hard disk á kú láàárín iṣẹ́ nígbà tí NEPA bá mú iná, fáìlì tó ń kọ lọ́wọ́ sì lè bàjẹ́. Èyí tó kéré ló rọrùn jù fún akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ wo ihò tí ẹ ń kì í bọ̀ pẹ̀lú. Bí USB 2.0 bá ń gbé 35 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 100 GB á gbà tó ìṣẹ́jú 48. Bí hard disk kan náà bá ń gbé 100 MB lórí USB 3.0, á parí rẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 17. Inú ihò USB 3.0 sábà máa ń ní àwọ̀ búlúù.

Bí ẹ ó bá máa lò ó lórí Windows àti Mac, exFAT ni kí ẹ fi fọ́máàtì rẹ̀. FAT32 kì í gba fáìlì kan tó bá tó 4 GB, fídíò ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan ṣoṣo sì lè kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ máa tẹ eject kí ẹ tó fà á yọ, ẹ má sì gbé èyí tí àwo rẹ̀ ń yí kiri nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Bó bá jábọ́ báyẹn, ó lè má dìde mọ́.

Ayédèrú náà wà lọ́jà: èyí tí wọ́n kọ 2 TB sí lára, tí inú rẹ̀ kò ju 32 GB lọ. Kọ̀ǹpútà á máa sọ pé òun ti kọ fáìlì síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ fi H2testw dán an wò kí ẹ tó kó iṣẹ́ sí i. Ó máa ń kọ nǹkan kún inú rẹ̀, á sì kà á padà bóyá ó pé.

Èwo ni kí á rà?

Bí kọ̀ǹpútà bá ń falẹ̀, tí iṣẹ́ yín sì ti ní ẹ̀dà níbòmíràn, ẹ ra SSD ti inú. Bí iṣẹ́ yín kò bá sí níbòmíràn, ti ìta ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kódà bí kọ̀ǹpútà ń falẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó ń falẹ̀ kàn máa fi àkókò wa ṣòfò ni. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó fi ẹ̀ka-èdè tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò sọ mọ́ pa àlọ́ fún wa lè má sí níbẹ̀ mọ́ bí a bá padà lọ. Kò sí ọjà tí a ti lè ra ohùn yẹn.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan: bí a bá kó fáìlì lọ sórí ti ìta, tí a sì pa ti inú rẹ́ kí ààyè lè wà, ẹ̀dà kan ṣoṣo la ṣì ní. Ọ̀nà kan ò wọjà. Ohun tí àwọn tó ń tọ́jú ohùn àti àwòrán máa ń gbà wá nímọ̀ràn ni ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan sì wà ní ilé mìíràn. Ti inú, ti ìta, àti ọ̀kan lórí Google Drive tàbí lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín nílé, ó ti pé.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín náà. Bí hard disk inú desktop àtijọ́ yín bá ṣì dára, ẹ lè yọ ọ́, kí ẹ fi sínú àpótí oní-USB tí wọ́n ń pè ní enclosure, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà ohùn tó wà nínú rẹ̀. SSD kọ́ ni kí ẹ fi pa á mọ́ sínú dúrọ́ọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, torí pé ohun tó wà lórí rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́ bó bá pẹ́ jù láìrí iná.

Lónìí, ẹ ka iye ibi tí ohùn àwọn abẹ́nà ìmọ̀ yín wà. Bó bá jẹ́ ibì kan ṣoṣo, ẹ ti mọ èyí tí ẹ máa rà.