Ẹ̀rọ ń yí, ọkọ̀ kò jí: ibo ni ká ti wá àrùn rẹ̀?

Ká ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà ni, lójú ọ̀nà tó ti Savalou lọ sí Bantè. Ọkọ̀ Peugeot 504 àtijọ́ kan dúró sábẹ́ igi. Iṣu àti àpò gààrí wà lórí rẹ̀, àwọn ìyá ọlọ́jà sì jókòó sínú rẹ̀. Awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀rọ ń yí, ó ń kùn, ṣùgbọ́n kò jí. Awakọ̀ tún un yí, ó tún un yí, títí ohùn ẹ̀rọ fi ń relẹ̀. Bátìrì ti fẹ́ kú. Àìsàn kan ṣoṣo ni ọkọ̀ ní tẹ́lẹ̀. Ìkánjú ti sọ ọ́ di méjì. Bí ọjà bá sì tú kí wọ́n tó dé, ta ni yóò san àdánù náà?

Irú ọkọ̀ yìí kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Ọdún 1960 ni Peugeot gbé 404 jáde ní Faransé. 504 tẹ̀ lé e ní 1968. Ní 1975, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń to Peugeot pọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kaduna, ní Nàìjíríà. Ara ọkọ̀ wọ̀nyí le. Èyí tó ń lo èsáǹsì tó sì ní kábúrétọ̀ kò ní kọ̀ǹpútà nínú. Ojú àti ọwọ́ lè rí àrùn rẹ̀.

Bí ẹ̀rọ bá ń yí dáadáa, ó ti sọ ohun kan fún wa: bátìrì ṣì lágbára. Nítorí náà, ẹ wá àrùn náà níbòmíràn. Ohun mẹ́ta ni ẹ̀rọ ń fẹ́ kó tó jí: iná tó ń ta lásìkò, epo, àti afẹ́fẹ́. Ẹ má ṣe di kọ́kọ́rọ́ mú ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. Ẹ jẹ́ kí bátìrì sinmi díẹ̀ kí ẹ tó tún un yí. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí àwọn èrò sọ̀ kalẹ̀. Ẹ gbé ìgò àti kẹ́ẹ̀gì èsáǹsì jìnnà. Ẹ nu èyí tó dà sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì mu sìgá nítòsí. Ẹ má ṣe da èsáǹsì sẹ́nu kábúrétọ̀ nígbà tí ẹlòmíràn ń yí kọ́kọ́rọ́: iná lè ta padà sí yín lójú.

Ẹ kọ́kọ́ wo iná. Ẹ yọ okùn nípọn kan kúrò lórí bùjí. Ẹ fi bùjí mìíràn sẹ́nu okùn náà, kí ẹ sì gbé e sórí irin ẹ̀rọ. Ẹ má fọwọ́ dì í mú. Kí ẹnìkan yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀. Bí iná tó dúdú bí aró bá ń ta pẹ̀lú agbára, ó dára. Bí kò bá ta, tàbí tó pọ́n tó sì rẹ̀ ẹ́, ẹ pa kọ́kọ́rọ́, kí ẹ ṣí ìdérí delco, níbi tí ọ̀pọ̀ okùn náà ti pàdé. Ṣé ìrì tàbí òjò wọ̀ ọ́? Ẹ nù ún gbẹ. Ṣé ó ti sán? Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Irin kékeré méjì wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń kanra tó sì ń yara. Bí wọ́n bá ti jóná, ẹ fi bébà tí a fi ń ha irin ha wọ́n díẹ̀. Àlàfo àárín wọn kì í ju bí 0,4 mm lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo epo. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé abẹ́rẹ́ tó ń júwe epo nìkan. Ẹ yẹ táǹkì wò. Bí epo bá wà, ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò funfun, kó dúró jẹ́ẹ́. Omi wúwo ju èsáǹsì lọ, ìsàlẹ̀ ni yóò lọ. Kpayo tí a ń rà lẹ́bàá ọ̀nà lè mú omi tàbí ìdọ̀tí wá. Bí epo kò bá dé kábúrétọ̀, ẹ wo asẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ tó ń fà á.

Bí òórùn epo bá pọ̀, tí bùjí sì tutù, epo ti bo ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ ni. Ẹ tẹ ìtẹ̀ epo dé ìsàlẹ̀, ẹ má gbé ẹsẹ̀ kúrò, kí ẹ sì yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀. Afẹ́fẹ́ yóò wọlé, yóò gbẹ ẹ́. Ẹ wo asẹ́ afẹ́fẹ́ pẹ̀lú, pàápàá nígbà ọyẹ́, nítorí eruku lè dí i.

Bí gbogbo èyí bá dára tí ẹ̀rọ kò sì jí, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ohun tí ẹ rí sínú ìwé kékeré: ọjọ́, bí iná ṣe ta, bí epo ṣe dé, ohun tí ẹ pààrọ̀. Ẹ kà á fún un. Nígbà náà, kò ní tú ohun tí kò bàjẹ́, ẹ̀yin náà kò ní sanwó fún ohun tí kò yẹ. Ìmọ̀ ìwé kì í ṣe fún kíláàsì nìkan. Ó wúlò lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ pẹ̀lú.