Ẹ má ta maṣíìnì ìyá àgbà fún oníirin àlòkù

Nínú ọ̀pọ̀ ilé àgbà ní Òṣogbo àti Iléṣà, ohun kan wà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀ tí ojú ti mọ́ débi pé kò sẹ́ni tó ń rí i mọ́. Wọ́n ti fi aṣọ bò ó, wọ́n sì gbé tẹlifíṣọ̀n tàbí fọ́tò olóògbé lé e lórí. Ẹ ká aṣọ yẹn kúrò, maṣíìnì Singer dúdú lẹ máa bá níbẹ̀, tí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kọ orúkọ sí lára, tó dúró lórí ẹsẹ̀ onírin. Òun ni ìyá àgbà fi rán yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ wọn. Lónìí, ẹni tó ń fi ọmọlanke ra irin àlòkù kiri àdúgbò ló kù tó ń bèèrè rẹ̀, kílò ló sì fẹ́ fi wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má tà á. Kì í ṣe torí ohun ìrántí ni mo ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀ o. Ọmọ kan lè wà ládùúgbò yín tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, tó jẹ́ pé lọ́jọ́ tó bá gba fríìdọ̀mù, irú maṣíìnì yẹn nìkan lọwọ́ rẹ̀ máa tó.

Gbogbo wa la mọ bí ọ̀rọ̀ fríìdọ̀mù ṣe rí. Ọmọ á lo ọdún méjì, ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ ọ̀gá. Wọ́n á se ìrẹsì, wọ́n á pe pásítọ̀ tàbí ààfáà, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á ya fọ́tò pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí. Ọjọ́ kejì ńkọ́? Maṣíìnì tuntun wà lọ́jà lóòótọ́, àmọ́ owó rẹ̀ kò ṣeé gbọ́ sétí. Èyí tó ń lo iná sì ní wàhálà tirẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2024, owó iná àwọn tó wà ní Band A fò láti náírà 68 sí náírà 225 fún yúníìtì kan. Ẹni tó bá sì ní jẹnẹrétọ̀ lòun máa lò, ṣebí ó mọ ohun tójú wa ti rí látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lọ́dún 2023. Báyìí ni ọmọ tó ti kọ́ṣẹ́ yanjú ṣe máa ń padà sílé lọ jókòó, tí iṣẹ́ tó fi ọdún mẹ́ta kọ́ á di ìtàn.

Maṣíìnì àtijọ́ kò mọ Band A, kò sì mọ bẹntiróòlù. Ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ ẹni tó ń rán aṣọ ni iná tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù. Ọdún 1851 ni Isaac Singer, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ lórí maṣíìnì tirẹ̀, àmọ́ agbára ọ̀pọ̀ ìdílé kò ká owó rẹ̀. Edward Clark tí wọ́n jọ dòwò pọ̀ ló mú ọgbọ́n wá ní 1856, pé kí èèyàn san díẹ̀, kó gbé e lọ sílé, kó máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí ìyàwó ilé àti télọ̀ kékeré lè ní in. Ilé iṣẹ́ Singer tó wà ní Clydebank, ní Scotland, ṣe é kó lọ sí orílẹ̀-èdè púpọ̀ títí wọ́n fi tì í pa ní 1980.

Ta ló mọ ọgbọ́n àwìn yẹn ju Ìjẹ̀ṣà lọ? Rélùwéè dé Òṣogbo ní 1907, ọjà òkè òkun sì ń rọ́ wọlé. Àwọn Òṣómàáló, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, a máa ru aṣọ lọ sí ìletò àti abà, wọ́n á tà á láwìn, wọ́n á sì padà wá gbowó. Bí onígbèsè bá ń ṣe mọ̀dàrú, Ìjẹ̀ṣà á lóun ò jókòó, òṣó lòun máa ló títí òun á fi gba owó òun. Ibẹ̀ lorúkọ wọn ti wá. A máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ àwìn yẹn ló jẹ́ kí ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rí aṣọ wọ̀, kí télọ̀ abúlé sì rí iṣẹ́ ṣe.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ kan máa ń rò pé ìyà ni ọ̀gá fi ń jẹ àwọn tó bá ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lórí ẹlẹ́sẹ̀. Rárá o. Maṣíìnì iná ń sáré. Kí ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ aṣọ í dì tó ṣẹ́jú, ó ti rán kọjá ibi tó yẹ. Ẹlẹ́sẹ̀ kò lè sáré ju ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Ọmọ á kọ́kọ́ máa tẹ̀ ẹ́ láìfi òwú sí i, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi mọ bí wíìlì ṣe ń yí bọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń rán, láìyí padà sẹ́yìn. Bó bá yí padà, òwú á lọ́ tàbí kó já. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fún un ní bébà onílà, tí á máa fi abẹ́rẹ́ lásán tọ ìlà náà. Ìgbà tó bá lè tọ ìlà láìyà ló tó kan aṣọ.

Ibẹ̀ ló ti ń mọ inú iṣẹ́. Òwú méjì ló ń so kọ́ra nínú aṣọ, ọ̀kan ń bá abẹ́rẹ́ bọ̀ látòkè, èkejì ń ti inú bọ́bìnì jáde nísàlẹ̀. Bí tòkè bá dẹ̀ jù, abẹ́ aṣọ á rí wúruwùru. Bó bá le jù, á fa tìsàlẹ̀ jáde sókè. Ọmọ tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí ṣúkúrù tó ń tún un ṣe, tó sì rí ìyàtọ̀, kò ní máa sáré pe alátùn-únṣe nítorí òwú lásán.

Ẹ lè ní tiyín ti kú. Ọ̀pọ̀ wọn kò kú, epo tó ti gan ló dè wọ́n. Ẹ gbọn eruku àti òwú tó há sábẹ́ rẹ̀ kúrò, ẹ kán epo maṣíìnì sí gbogbo ojú ihò epo, kì í ṣe epo pupa tàbí àdí o. Ẹ fọwọ́ yí i jẹ́jẹ́, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ tún yí i. Ẹ pààrọ̀ bẹ́líìtì awọ tó bá ti gbẹ. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tà fún Butterfly tó ń wá láti China bá ọ̀pọ̀ Singer àtijọ́ mu, torí náà ẹ ò ní wá a dé Èkó.

N ò sọ pé kí télọ̀ lo ẹlẹ́sẹ̀ títí ayé. Ẹni tó gba aṣọ ẹbí rẹpẹtẹ sílẹ̀ de ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo lóṣù Kẹjọ kò lè fẹsẹ̀ tẹ gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀gá tó gbé ọmọ sórí maṣíìnì àtijọ́ lọ́dún kìíní, tó ṣì fi í síbẹ̀ lọ́dún kẹta, ńṣe ló ń rẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ. Àmọ́ kò sí ìdí tí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀gá rẹ̀ bá a dé. Yunifọ́ọ̀mù, ìró àti bùbá, ṣòkòtò tó ya, síìpù tó bàjẹ́, iṣẹ́ tó ń mówó ojoojúmọ́ wọlé nìyẹn, kò sì sí èyí tí ẹlẹ́sẹ̀ ò lè ṣe níbẹ̀.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò le. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní maṣíìnì tẹ́ ẹ kò lò, ẹ wá ọmọ iṣẹ́ kan ládùúgbò. Bẹ́ ẹ kò bá fẹ́ fún un lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ tà á fún un láwìn, kó máa san án díẹ̀díẹ̀ nínú owó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá àti òbí, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìdajì owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi se ìrẹsì fríìdọ̀mù, maṣíìnì lẹ máa fi rà fún ọmọ náà. Ẹ tètè ṣe é, abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí.

Òṣómàáló ta aṣọ láwìn, ó rí jẹ. Singer ta maṣíìnì láwìn, ó di olówó. Àwa tí maṣíìnì ti wà nílé wa, tí wọ́n ti san owó rẹ̀ tán láti ayé ìyá àgbà, kí ló dé tá a fi fẹ́ wọ̀n ọ́n ní kílò fún oníirin?