Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Òkè-Ògùn: Ta Ni Yóò Máa Bọ́ Ọ?

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ẹni tí ó gbá a sínú àwọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ẹni tí réfírì lé jáde. Ọ̀rọ̀ owó ni. Àwọn àgbà Ìjọ a máa wí pé owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Bí ìhìnrere tí í ṣe ọ̀rọ̀ Ọlọ́run bá ń fẹ́ kẹ̀kẹ́, mélòómélòó ni bọ́ọ̀lù tí í ṣe eré ọmọ aráyé?

Ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ yìí ni pé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo yà sí ìsọ̀ ìyá kan tí ń ta aṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn. Bí mo ti ń yẹ aṣọ wò, ìyá náà bi mí pé, "Akọ̀wé, ìwọ ni o mọ ìwé. Àwọn ọ̀dọ́ kan wá bá wa ní ọjà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan sílẹ̀ tí yóò máa jẹ́ orúkọ gbogbo Òkè-Ògùn, pé kí olúkúlùkù wa dá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà. Ṣé kí n dá a? Bí mo bá sì dá a, ṣé ẹgbẹ́ náà yóò lè dá dúró, tàbí n ó tún máa dá òmíràn lọ́dọọdún?"

Mo dá ìyá lóhùn pé, "Màmá, ẹ yọ̀ǹda ọ̀sẹ̀ kan fún mi kí n lọ ṣírò rẹ̀." Ìṣirò náà ni mo kọ sí ìsàlẹ̀ yìí, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe ìyá nìkan ni ó ń bèèrè.

Kí a kọ́kọ́ sọ pé ohun tí àwọn ọ̀dọ́ náà ń fẹ́ kì í ṣe ohun ẹ̀gàn. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ni ó wà ní Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, dé Ìgbòho àti Kíṣì. Àwa ni a ń fi iṣu àti òfì ránṣẹ́ sí àwọn ìlú ńlá, àwọn ọmọ wa sì mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ẹni tí ó bá sì ti dàgbà tó kò lè gbàgbé ọdún 1976, nígbà tí ẹgbẹ́ IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn gba ife àwọn olùborí ìdíje gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ọjọ́ wọnnì, nígbà tí Segun Odegbami àti Muda Lawal ń sáré lórí pápá, ará Ògùn, ará Oǹdó àti ará Ọ̀yọ́ ni ó ń pè wọ́n ní ọmọ wa. Ayọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé rà ní ọjà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ yẹ kí ó jókòó ṣírò iye tí yóò ná an, kí ó má baà fi ìpìlẹ̀ lásán ṣe ẹ̀rín fún àwọn tí ń kọjá lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti ń bọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ wa láti ẹ̀yìn wá. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo rí.

Ọ̀nà kìíní ni ti ìjọba. Àjọ ìdàgbàsókè Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tí a ń pè ní WNDC, ni ó kọ́kọ́ ni ẹgbẹ́ Ìbàdàn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ó di ti IICC, lónìí ó di ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, pápá Lekan Salami ní Adámásingbà sì ni ilé rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà kò kú, ó tilẹ̀ gba ife CAF ní 1992. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìjọba bá ń bọ́, bí ìjọba bá ti rẹ́rìn-ín ni òun náà ń rẹ́rìn-ín. Bí àpò ìjọba bá gbẹ, owó oṣù agbábọ́ọ̀lù ni a kọ́kọ́ ń dá dúró.

Ọ̀nà kejì ni ti ọlọ́rọ̀ kan ṣoṣo. Olóògbé Israel Adebajo dá Stationery Stores sílẹ̀ ní Èkó ní 1958, ó sì jáde láyé ní 1969. Ẹgbẹ́ rẹ̀ gba Challenge Cup nígbà mẹ́rin, ó gba líìgì ní 1992, ṣùgbọ́n kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó fi ṣubú, kò sì padà sí ipò rẹ̀ àtijọ́ mọ́. Abiola Babes ti olóògbé M.K.O. Abiola gba Challenge Cup ní 1985 àti ní 1987. Lónìí orúkọ rẹ̀ nìkan ni ó kù.

Ọ̀nà kẹta ni ti kọ́ńpìnnì. Leventis United ti Ìbàdàn gba Challenge Cup ní 1984, ó gba líìgì pẹ̀lú Challenge Cup ní 1986, ṣùgbọ́n ní 1987 a tú u ká. Ẹgbẹ́ tí ó gba ife méjì ní ọdún kan kò rí ọdún kejì rẹ̀ parí! Kì í ṣe pé wọn kò mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ọwọ́ tí ń bọ́ wọn ni ó ká kúrò.

Ẹlòmíràn lè wí pé, "Akọ̀wé, owó ẹnu ọ̀nà ńkọ́? Ṣebí àwọn ènìyàn yóò san owó kí wọ́n tó wòran?" Ọ̀rọ̀ rere ni. Ẹ mú kálámù, kí a jọ ṣírò rẹ̀. Líìgì tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà ní ẹgbẹ́ 20, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan a sì máa gbá bọ́ọ̀lù ní ìgbà 38 ní sáà kan: 19 nílé, 19 lájò. Ẹ jẹ́ kí a ṣe bí ẹni pé 2,000 ènìyàn ń wá wòran nígbàkúùgbà tí a bá gbá a nílé, tí olúkúlùkù sì ń san 500 náírà. Mílíọ̀nù kan náírà ni ìgbà kọ̀ọ̀kan, mílíọ̀nù 19 sì ni gbogbo sáà. Ẹ tún ṣe bí ẹni pé agbábọ́ọ̀lù 30 ni a gbà, tí a ń san 150,000 náírà fún olúkúlùkù lóṣù, owó tí kò tilẹ̀ pọ̀ fún ẹni tí ó ní aya àti ọmọ. Mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ ni oṣù kan, mílíọ̀nù 54 ni ọdún kan. Owó ẹnu ọ̀nà kò tó ìdajì owó oṣù àwọn ọmọ náà. A kò sì tíì san ti olùkọ́ni, a kò tíì ra bàtà, a kò tíì gbé wọn lọ sí Kánò, Enugu àti Maiduguri. Láti Òkè-Ògùn dé Maiduguri ju ẹgbẹ̀rún kìlómítà lọ, ẹ̀yin oníṣòwò tí ń san owó ọkọ̀ sì mọ iye tí lítà epo kan jẹ́.

Èyí tilẹ̀ ni bí ẹgbẹ́ náà bá ti dé òkè. Láti ìsàlẹ̀ ni ẹgbẹ́ tuntun ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí òǹwòran kò pọ̀. Bákan náà, àwọn òǹwòran wa ti di ti Arsenal àti Chelsea. Ní ọ̀sán Sátidé, iwájú tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń san owó wọn sí. Ní ti ẹ̀bùn olúborí, mílíọ̀nù 150 náírà ni Rangers ti Enugu gbà ní 2024; ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo nínú ogún ni ń gba olúborí, ẹni tí ó bá sì gbé ìṣirò rẹ̀ lé ẹ̀bùn dà bí ẹni tí ó tìtorí òjò tí ó ṣú da omi inú agbada nù.

Ṣé kí a wí nígbà náà pé kò ṣeé ṣe? Rárá o. Ẹ wo Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ. Ìlú náà kò tóbi tó Ìsẹ́yìn tàbí Ṣakí, síbẹ̀ ní 2025 ẹgbẹ́ rẹ̀, Remo Stars, gba líìgì gbogbo Nàìjíríà. Àwọn tí ó rí ife náà ni ó pọ̀. Àwọn tí ó rí ọ̀nà tí a gbà dé ibẹ̀ kò tó nǹkan. Ní 2004 ni Kunle Soname dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Ó gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gòkè. Ọdún 21 ni ó fi rìn ín. Láàárín àkókò náà, wọ́n di ẹni tí ó ní pápá ti ara wọn, wọ́n sì ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Ẹ fi èyí wé Sporting Lagos tí a dá sílẹ̀ ní 2022: ó gun òkè ní 2023, ó sì jábọ́ ní 2024. Ẹgbẹ́ náà kò ṣe aláìní owó tàbí ọgbọ́n, ṣùgbọ́n igi ọ̀pẹ kì í fi ọdún kan so.

Ní ibi kíkọ́ àwọn ọmọ yìí ni mo rò pé ọ̀nà wa wà. Òfin kan wà tí àjọ FIFA ṣe, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa kò mọ̀. Bí ẹgbẹ́ kan bá ra agbábọ́ọ̀lù láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè mìíràn nígbà tí àdéhùn rẹ̀ kò tíì parí, owó kan nínú ogún ni a ó yọ sílẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ tí ó kọ́ ọmọ náà láti ọmọ ọdún 12 títí dé 23. Láti ọdún 16 sókè, ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tí a yọ náà ni ti ọdún kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí a rò pé ọmọ Òkèhò kan wà lọ́dọ̀ wa ní ọmọ ọdún 16, 17 àti 18, tí a sì wá tà á ní Yúróòpù lẹ́yìn náà ní mílíọ̀nù mẹ́wàá Yúrò. 500,000 Yúrò ni a ó yọ sílẹ̀. 150,000 nínú rẹ̀ ni tiwa. Bí a bá tún tà á lẹ́ẹ̀kejì, a ó tún gbà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹgbẹ́ tí kò bá kọ orúkọ ọmọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù, pẹ̀lú ọjọ́ tí ó dé àti ọjọ́ tí ó lọ, kò ní rí kọ́bọ̀ gbà. Akọ̀wé tí ó jókòó sí ìdí ìwé lè mú owó wọlé ju ẹni tí ń gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé ojoojúmọ́ ni ìkórè. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ni a ó kọ́ tí a kò ní tà; òfin kan náà kò sì gbà, bí kò ṣe ní ìwọ̀nba ọ̀nà díẹ̀, kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kọjá sí ẹgbẹ́ ilẹ̀ òkèèrè. Nítorí náà, kí ìwé kíkà wọn má ṣe dúró, kí a sì ṣọ́ra fún àwọn tí ń fi ọ̀rọ̀ dídùn tan àwọn òbí.

Ní báyìí, ẹ wo ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ti ìyá. Bí 200 ènìyàn bá dá a ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, 2,000 ènìyàn ni, mílíọ̀nù 20 náírà ni. Bí a bá fi gba agbábọ́ọ̀lù 30 tí mo ṣírò lókè, owó náà yóò tán kí oṣù karùn-ún tó pé. Ṣùgbọ́n bí a bá fi kó 40 ọmọ jọ, tí a gba olùkọ́ni méjì àti akọ̀wé kan ní 100,000 náírà lóṣù fún olúkúlùkù, mílíọ̀nù mẹ́ta àti 600,000 ni ọdún kan. Ní ọdún mẹ́ta, mílíọ̀nù 10 àti 800,000 ni. Ó ku mílíọ̀nù 9 àti 200,000 fún bọ́ọ̀lù, bàtà, owó ọkọ̀ àti ìtọ́jú ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ ṣèṣe. Owó kan náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀kan kò pé oṣù márùn-ún, èkejì di ọdún mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù, òun ni ó sì wúwo jù. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ, a dá owó fún irú ẹgbẹ́ yìí. Èmi pàápàá dá nínú owó oṣù mi àkọ́kọ́. A ra ọkọ̀, a rán aṣọ, a lu ìlù. Sáà kan ni a gbá. Àwọn tí ó wà nídìí rẹ̀ kò ka ìwé owó fún wa rí. Nígbà tí a bèèrè, wọ́n ní ọ̀tá ìlú ni wá. A ta ọkọ̀ náà, a kò mọ ẹni tí ó gba owó rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó gbá bọ́ọ̀lù náà lọ láìgba owó oṣù mẹ́rin. Ọ̀kan nínú wọn ń wa ọ̀kadà títí di òní, kì í sì í jẹ́ kí a dárúkọ bọ́ọ̀lù níwájú rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ Òkè-Ògùn má ṣe jẹ́ ti ẹnì kan, kí ó má sì ṣe jẹ́ ti ìjọba nìkan. Kí ó rí bí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí a mọ̀ ní ọjà: kí olúkúlùkù tí ó dáwó ní ìwé, kí àyẹ̀wéwò tí kì í ṣe ọmọ ìgbìmọ̀ yẹ owó wò, kí a sì ka ìṣirò náà ní gbangba lọ́dọọdún. Kí Ṣakí àti Ìsẹ́yìn jókòó fi ẹnu kò sí ibi tí pápá yóò wà kí a tó gba kọ́bọ̀ kan, nítorí àríyànjiyàn ilé ni ó ń kọ́kọ́ tú ẹgbẹ́ ẹkùn ká. Kí a má sì ṣe wọ ìdíje àgbà títí owó ọdún méjì yóò fi wà ní báńkì.

Mo padà sí ìsọ̀ ìyá ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo sì wí fún un pé, "Màmá, bí wọ́n bá tún wá, ẹ bi wọ́n léèrè ìwé. Bí wọ́n bá fi ìwé hàn yín, tí ó sì jẹ́ pé àwọn ọmọ ni wọ́n fẹ́ kọ́, ẹ dá a, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe retí rẹ̀ láìpẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ìlù nìkan ni wọ́n gbé wá, ẹ fi owó yín ra òwú."

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Akọ̀wé, ọdún mẹ́ta kò pọ̀ lójú ẹni tí ó tọ́mọ." Òtítọ́ ni ìyá sọ. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ tí a óò fi sọ̀yà kọ́kọ́ mọ́. Ire o.