Òkun Náà Ní Ààlà: Láti Rye Lane Dé Bakassi

Bí a bá sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin Peckham Rye, tí a yà sí Rye Lane, kì í pẹ́ tí òórùn ẹja fi ń kí wa: tútù lórí yìnyín, yíyan nínú páálí. Iye owó rẹ̀ ni àwọn ìyá wa máa ń bèèrè. Lọ́tẹ̀ yìí, ìbéèrè tiwa yàtọ̀: ta ló ni omi tí wọ́n ti ń pa ẹja?

Àdéhùn òfin òkun tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní Jàmáíkà ní 1982 ló dáhùn. Nàìjíríà gbà á wọlé ní 1986. Máìlì òkun 12 láti etíkun jẹ́ ti orílẹ̀-èdè bí ilẹ̀ rẹ̀, àmọ́ ọkọ̀ àjèjì lè kọjá ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Títí dé máìlì 200, nǹkan bíi kìlómítà 370, òun ló láṣẹ lórí ẹja àti epo rọ̀bì ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n aládùúgbò pọ̀ létí òkun wa, máìlì 200 ẹnì kan á wọ inú ti ẹnì kejì. Ní 2001, Nàìjíríà àti São Tomé fohùn ṣọ̀kan láti jọ lo ibi tí wọ́n ń du: ìdá 60 nínú 100 fún Nàìjíríà, 40 fún São Tomé.

Ti Kamẹrúùnù di ẹjọ́. Ní oṣù kẹwàá 2002, Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague dá Bakassi fún Kamẹrúùnù, ó sì pààlà ojú òkun. Ìwé tí ilé ẹjọ́ gbára lé lórí Bakassi ni àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì fọwọ́ sí ní 1913, nílùú Lọ́ńdọ̀nù tí a wà yìí. Ẹnikẹ́ni ò pe àwọn apẹja ibẹ̀ síbi ìjókòó náà. Nígbà tí Nàìjíríà yọwọ́ pátápátá ní oṣù kẹjọ 2008, àwọn kan dúró, ọ̀pọ̀ kó ẹrù wọn, wọ́n fi ilé àti omi tí wọ́n ti ń jẹun sílẹ̀.

Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń kọ́ òfin níhìn-ín, ẹ má ka ọ̀rọ̀ òkun sí ọ̀rọ̀ ọlọ́kọ̀ nìkan. Ààlà tí wọ́n fi gègé fà ní Lọ́ńdọ̀nù lè di ọ̀ràn ilé ẹlòmíràn lẹ́yìn 90 ọdún.