Ìmọ́lẹ̀ Tí Ń Gé Irin: Níbo Ni Ó Ti Ń Rí Agbára?



Ẹni tí ó bá mọ Òkè Padre ní Ìbàdàn, òkè tí a fi àwọn fádà ìjọ Àgùdà sọ lórúkọ, yóò mọ̀ pé bí òjò bá rọ̀, omi kì í dúró lórí rẹ̀. Á sáré wálẹ̀, á gbá iyanrìn àti pàǹtí lọ. Bu omi kan náà sínú àwo lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, kò ní lè ti ewé gbígbẹ. Gíga òkè ni ó fún un lágbára. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni a óò fi tọpa iná mànàmáná dé inú ẹ̀rọ tí ń fi ìmọ́lẹ̀ gé irin, èyí tí a ń pè ní lésà.

Àwọn kan rò pé lésà ní agbára àrà ọ̀tọ̀ nínú ara rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bá fún un ni ó ń dá padà, kì í tilẹ̀ dá gbogbo rẹ̀ padà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ iná di ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ kan ṣoṣo, tí ìgbì rẹ̀ ń gbésẹ̀ pọ̀ bí ọmọ ilé-ìwé tí ń yan lọ́jọ́ òmìnira. Ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeé kó jọ sí ojú kan tí kò tó orí abẹ́rẹ́, ojú náà a sì gbóná débi tí irin yóò yọ́.

Fólítì ni gíga òkè iná. Iná tí ń wá láti ìdídò Kainji lórí Odò Ọya, àti láti Egbin lẹ́bàá Ìkòròdú, ń pàdé lórí wáyà àpapọ̀. Ní fólítì 330,000 ni ó fi ń dé ibùdó Ayédé ní Ìbàdàn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú un sọ̀kalẹ̀: 132,000, 33,000, 11,000, títí tiransifọ́mà àdúgbò yóò fi sọ ọ́ di 415 fún ẹ̀rọ tí ń lo fésì mẹ́ta, àti 230 fún ilé wa. Ohun tí ó pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé, lẹ́yìn gbogbo ìsọ̀kalẹ̀ yìí, àpótí iná kan wà lára irú lésà kan tí ó tún ń gbé e gòkè padà sí nǹkan bí 20,000! Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Lésà àkọ́kọ́ tàn ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 1960, oṣù díẹ̀ kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Theodore Maiman ni ó ṣe é ní Amẹ́ríkà. Ó fi gílóòbù tí ń bù yẹ̀rì, irú èyí tí àwọn ayàwòrán ń lò, yí ọ̀pá rúbì kékeré ká. Kapásítọ̀ ni ó fi bọ́ gílóòbù náà. Ẹ rò ó bí amù: ọmọdé ń fi igbá kékeré pọnmi sí i díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kún, ẹnì kan sì dojú rẹ̀ dé lẹ́ẹ̀kan náà. Omi kò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n àkókò tí ó fi tú jáde kúrú, nítorí náà ó lè gbá ènìyàn lulẹ̀.

Ní ọdún 1964, Kumar Patel ṣe irú èyí tí ń lo afẹ́fẹ́. Inú ọ̀pá dígí ni afẹ́fẹ́ náà wà: irú èyí tí à ń mí síta, pẹ̀lú náítírójìn àti hílíọ́ọ̀mù. Afẹ́fẹ́ kì í gba iná láàyè kọjá nírọ̀rùn. Àfi bí òkè iná bá ga púpọ̀. Ìdí nìyí tí àpótí náà fi ń gbé e gòkè. Iná ilé ń lọ síwájú-sẹ́yìn ní ìgbà 50 láàrín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àpótí ọ̀hún á tún un ṣe kí ó máa lọ sí apá kan ṣoṣo. Iná a lu náítírójìn, náítírójìn a gbé ohun tí ó gbà fún ìkejì rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí a sì jáde. Òun ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù fi ń gé pátákó àti rọ́bà líle fún àmì ìpolówó.

Irú tuntun tí ń gé irin kò fẹ́ òkè gíga bẹ́ẹ̀. Iná fólítì kékeré ṣùgbọ́n tí ń ṣàn púpọ̀ ni a fi ń tan àwọn gílóòbù wẹ́wẹ́, a sì ń kó ìmọ́lẹ̀ wọn sínú okùn dígí tínrín.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a rò pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè Padre, tí ó fẹ́ ra ẹ̀rọ agérin. Ó bi oníná àdúgbò pé, “Ẹ̀gbọ́n, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ kílówáàtì 3. Ṣé jẹnẹrétọ̀ onikílówáàtì 5 mi kò ní gbé e?”

Kò ní gbé e. Nínú wáàtì 1,000 tí a bá fún lésà oníafẹ́fẹ́, nǹkan bí 100 ni ó ń di ìmọ́lẹ̀. Ti olókùn dígí sàn jù: nǹkan bí 300 sí 400. Èyí tí ó kù di ooru, omi tútù sì gbọ́dọ̀ máa gbé ooru náà lọ, ẹ̀rọ tí ń tu omi náà pẹ̀lú sì ń jẹ iná. Fún kílówáàtì 3 ìmọ́lẹ̀, ó yẹ kí ó pèsè nǹkan bí 10 fún lésà nìkan. Bí ó bá ro ẹ̀rọ omi, mọ́tò àti ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, ó lè dé 20. Ní iye tí ìjọba gbé iná Band A sí ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, náírà 225 fún yúníìtì kan, wákàtí kan jẹ́ náírà 4,500. Bí kò bá ṣírò rẹ̀ mọ́ owó iṣẹ́, ọdún kò ní yí po kí gbèsè tó gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀rù tí ó tún bà mí fún un ni iná tí ń lọ tí ń bọ̀. Ní ọdún 2024, wáyà àpapọ̀ dákú lọ́pọ̀ ìgbà. Bí iná bá lọ ní àárín gígé, irin náà lè bàjẹ́. Bí ó bá rẹlẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, ìmọ́lẹ̀ lè má gé irin já. Nítorí náà ni wọ́n fi ń ra sitebiláísà. Èyí tí ó burú jù ni kí ènìyàn tan jẹnẹrétọ̀ fún lésà ọlọ́pàá dígí, kí ó gbàgbé pọ́ǹpù omi. Láàrín ìṣẹ́jú díẹ̀, ọ̀pá náà lè sán. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má ṣí àpótí iná rẹ̀ láé, kódà bí a ti pa á: amù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan lè ṣì kún síbẹ̀, ó sì ń pa ènìyàn.

Nítorí náà, pọ́ǹpù ni ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kọ́kọ́ ń tàn láàárọ̀, lésà ni ó tẹ̀ lé e. Bí ilẹ̀ bá ṣú, lésà ni yóò kọ́kọ́ pa, yóò sì jẹ́ kí omi ṣàn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i kí ó tó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.