Òjò dídì tó lè má rọ̀: bó ṣe yẹ kí ará Barking àti Dagenham ka ìkìlọ̀ ojú ọjọ́

Àwọn ará ìlà-oòrùn London kì í dárí ji Met Office, iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ní Ìlú Ọba, bó bá kéde òjò dídì tí ilẹ̀ sì wá mọ́ láìrí nǹkan kan. Ẹni tó ti bẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kó bá òun gba iṣẹ́ àárọ̀, tó ti ra búrẹ́dì àti mílíìkì pamọ́, á ní irọ́ funfun báláú ni wọ́n pa fún òun. Mo rò pé ẹ̀sùn yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, pàápàá ní Barking àti Dagenham. Irú òjò dídì tó máa ń ṣọṣẹ́ jù lágbègbè yìí, láti ojú òkun ló ti ń wá, kò sì sí ẹni tó lè fìka kan àdúgbò tí yóò rọ̀ sí títí tí yóò fi ku wákàtí díẹ̀. Ẹni tó bá ń dúró de ìdánilójú kó tó múra, òjò dídì àti ìdánilójú ni yóò jọ bá a lójijì. Àwọn àgbà ní ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ogun inú òwe yẹn dájú pé yóò wá. Èyí tí à ń sọ yìí lè yà sí Kent kó má dé ọ̀dọ̀ wa rárá. Síbẹ̀, arọ ní láti gbéra.

Bí nǹkan náà ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Nínú oṣù Kejì ọdún, Òkun Àríwá tó wà láàárín Ìlú Ọba àti Netherlands máa ń tutù, àmọ́ kì í dì. Ìwọ̀n ooru rẹ̀ sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 6 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí afẹ́fẹ́ bá ti apá Rọ́ṣíà fẹ́ gba orí omi yìí kọjá, tí afẹ́fẹ́ tó wà ní nǹkan bíi mítà 1,500 sókè sì fi ìwọ̀n 13 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tutù ju omi náà, ooru àti ọ̀rinrin á bẹ̀rẹ̀ sí í rú sókè bí ògì gbígbóná ṣe ń rú lówùúrọ̀ ọyẹ́. Ọ̀rinrin á di ìkùukùu, ìkùukùu á di òjò dídì. Ẹnu odò Thames ló wá sọ ọ̀rọ̀ di tiwa. Ó fẹ̀ níbi tó ti pàdé òkun, ó sì ń há bó ṣe ń bọ̀ wá sí London, Essex lókè, Kent nísàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń ti ilẹ̀ méjèèjì yọ á forí gbárí lójú omi, ìkùukùu á sì tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ láti ojú òkun wọ inú ìlú, ní ìlà kan tó gùn gan-an àmọ́ tó lè má fẹ̀ ju kìlómítà mélòó kan lọ. Thames streamer ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ó lè dúró sójú kan fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí ilẹ̀ funfun ní Barking Riverside, kí oòrùn sì máa ràn ní Enfield. Bí afẹ́fẹ́ bá yí díẹ̀ sí àríwá, ìlà náà á ṣí kúrò lórí Dagenham Dock bọ́ sórí Kent. Kọ̀ǹpútà Met Office ń pín ilẹ̀ sí ìpín tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fẹ̀ tó kìlómítà kan àbọ̀, nítorí náà ó lè rí i ṣáájú pé irú ìlà bẹ́ẹ̀ máa yọ. Ibi tí yóò dúró sí ni kò lè búra sí.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2009, ni gbogbo London rí ohun tí à ń wí. Ìkìlọ̀ ti wà nílẹ̀, ọkọ̀ tó ń fọ́n iyọ̀ sójú títì sì ti jáde. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé fi máa mọ́, òjò dídì tí irú rẹ̀ kò rọ̀ ní gúúsù ìlà-oòrùn England fún ọdún 18 ti bo ìlú. Wọ́n kó gbogbo bọ́ọ̀sì London kúrò lójú ọ̀nà, ohun tí àwọn ará ìlú ní bọ́ǹbù Jámánì pàápàá kò ṣe nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Boris Johnson, tó jẹ́ Mayor nígbà náà, fi ṣẹ̀fẹ̀ pé irú òjò dídì náà kò burú, pípọ̀ rẹ̀ ni kò dáa. Ẹ kíyè sí i pé àsọtẹ́lẹ̀ kọ́ ló kùnà, bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ iyọ̀ ni. TfL, iléeṣẹ́ tó ń rí sí ìrìnnà ní London, ló ń bójú tó òpópónà ńlá bíi A13, ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ni àwọn títì kéékèèké. Bí a bá da iyọ̀ sí òpópónà, tí ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì ń gbà jáde láti ibùdó rẹ̀ ṣì ń yọ̀, bọ́ọ̀sì kò lè dé òpópónà.

Ọdún 2018 fi apá kejì ọ̀rọ̀ yìí hàn. Ní nǹkan bí ọjọ́ 12 oṣù Kejì, afẹ́fẹ́ tó wà lókè réré lórí òpin àríwá ayé gbóná lójijì, ìjì yíyí tó máa ń sé òtútù mọ́ ibẹ̀ sì fọ́ sí méjì. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń sọ pé òtútù láti ìlà-oòrùn lè dé, ó sì dé lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù náà. A lè rí òtútù ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí a má sì rí àdúgbò tí òjò dídì yóò bò títí di ọjọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá da ìmọ̀ méjèèjì pọ̀ ló ń pe onímọ̀ ní òpùrọ́.

Àwọ̀ ìkìlọ̀ náà tún ń da ọ̀pọ̀ láàmú. Nǹkan méjì ni Met Office ń wò pọ̀ kó tó mú yẹ́lò, áḿbà tàbí pupa: bó ṣe ṣeé ṣe tó pé nǹkan máa ṣẹlẹ̀, àti ọṣẹ́ tí yóò ṣe bó bá ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, yẹ́lò méjì lè má jọra rárá. Ọ̀kan lè sọ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ìdíwọ́ díẹ̀ á wà. Èkejì lè sọ pé bóyá ni yóò ṣẹlẹ̀, àmọ́ bó bá ṣẹlẹ̀, gbogbo nǹkan á dúró gbagidi. Irú kejì yìí ló yẹ kó máa dẹ́rù bà wá létí Thames, àlàyé abẹ́ ìkìlọ̀ nìkan ló sì lè fi ìyàtọ̀ náà hàn, kì í ṣe àwọ̀ tó ń tàn lójú fóònù.

Àwọn kan á ní: bí wọ́n bá ń kìlọ̀ léraléra tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, ṣé etí ayé kò ní di sí i? Àtakò tó lágbára jù nìyí, New York sì ni ẹ̀rí rẹ̀ wà. Lóṣù Kìn-ín-ní ọdún 2015, wọ́n sọ tẹ́lẹ̀ pé òjò dídì tó lé ní ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà lè bo ìlú náà. Gómìnà Andrew Cuomo ti ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ pa, ohun tí wọn kò ṣe rí nítorí òjò dídì. Ìjì náà yà díẹ̀ sí ìlà-oòrùn, ó bo Boston àti apá ìlà-oòrùn Long Island. Central Park rí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25. Yẹ̀yẹ́ pọ̀, onímọ̀ ojú ọjọ́ kan, Gary Szatkowski, sì tọrọ àforíjì ní gbangba. Kò pé ọdún kan tí òjò dídì oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2016 fi kó nǹkan bí àádọ́rin sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀ ní Central Park, èyí tó pọ̀ jù láti ọdún 1869 tí àkọsílẹ̀ ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti pinnu ní 2015 pé òun kò ní gba onímọ̀ gbọ́ mọ́, ojú rẹ̀ á ti rí nǹkan. Lójú tèmi, ohun tó ń mú etí ayé di ni kí a fi iye kan ṣoṣo dẹ́rù ba aráàlú, láìsọ bí ìjì ṣe lè yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Bí a bá sọ ìyẹn, a kì í pè é nírọ́ bó bá yà.

Àtakò kejì kò le tó bẹ́ẹ̀: pé ayé ti ń gbóná, òjò dídì London ti di ìtàn. Òtítọ́ ni pé ó ń dín kù. Àmọ́ oṣù Kejìlá ọdún 2010 ni oṣù Kejìlá tó tutù jù ní Ìlú Ọba láti ọdún 1910. Lóṣù Kejì 2021, òjò dídì tún bo Essex àti Kent láti ojú òkun. Lóṣù Kejìlá 2022, ó ti ojú ọ̀nà bàálù Stansted pa fún ìgbà díẹ̀. Ohun tó bá ṣọ̀wọ́n ló tún ń bani lójijì jù, nítorí kò sẹ́ni tó ń ra ṣọ́bìrì dè é.

Ìjọba fúnra rẹ̀ kì í dúró de ìdánilójú. £25 tí wọ́n ń pè ní Cold Weather Payment máa ń jáde fún àwọn tó ń gba irú owó ìrànwọ́ kan bí ìpíndọ́gba ìwọ̀n ooru àdúgbò bá wà ní òdo tàbí sísàlẹ̀ fún ọjọ́ méje léraléra, yálà ó ti ṣẹlẹ̀ tàbí wọ́n kàn sọ tẹ́lẹ̀ pé yóò ṣẹlẹ̀. (Ẹni tí físà rẹ̀ kò fàyè gba owó ìjọba kò sí níbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn wa sì nìyẹn.) Àsọtẹ́lẹ̀ pé alẹ́ kan máa dé òdo náà ló ń mú kí wọ́n ṣí ibùsùn pàjáwìrì ní London fún àwọn tó ń sùn níta. Bí àsọtẹ́lẹ̀ bá tó fún ìjọba láti náwó lé lórí, ó tó fún iléeṣẹ́ láti fi tún ètò iṣẹ́ ṣe. Nọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Queen's Hospital ní Romford, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, àti àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú (kíà) láti ilé arúgbó kan sí òmíràn ní Becontree, kò sí ẹni tó lè fi kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nílé nínú wọn.

Ẹni tí wọ́n ń san owó fún ní wákàtí-wákàtí á bi mí pé: bí mo bá fagi lé iṣẹ́ nítorí òjò dídì tí kò rọ̀, ta ni yóò san owó mi? Kò yẹ kó fagi lé e. Kí iléeṣẹ́ pín iṣẹ́ láti ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹni tó lè fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ arúgbó kan ló gba ti arúgbó yẹn. Kí wọ́n ti gba oògùn pamọ́, kí iyọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò sófin tó ní kí èèyàn má kó òjò dídì iwájú ilé rẹ̀, àfi kó má da omi gbígbóná sí i, nítorí yóò tún dì, yóò sì máa yọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí òjò dídì bá yà sí Kent, kò sẹ́ni tó pàdánù ju ìpè fóònù mélòó kan lọ. Bí iléeṣẹ́ bá sì dúró di aago márùn-ún ìdájí kó tó sọ fún òṣìṣẹ́ tó ń gbé ní Rainham pé kó fẹsẹ̀ rìn wá sí Becontree, gbogbo wákàtí tó bá lò lójú ọ̀nà, iléeṣẹ́ ni kó san án.